Lẹ́tà Tó Wà Láàárín Àwọn Rọ́bọ́ọ̀tì

Gbogbo ojú tó wà nínú ilé ìwòran yẹn ló ń wo rọ́bọ́ọ̀tì. Ojú méjì péré ló ń wò mí.

Abúlé Òkúta ní Bàrígà ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí oòrùn mú bí ẹni ń yan ẹja. Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni, bẹ́ǹṣì tẹ̀ lé bẹ́ǹṣì bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, èrò sì kún débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Fíìmù tí gbogbo àdúgbò ń pariwo ni wọ́n gbé wá: àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ, tí iná ń yọ lójú wọn, tí wọ́n ń fi mọ́tò sọ ara wọn bí òkò láàárín ìlú òyìnbó.

"Wọ́n ní owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀ tó tún gbogbo títì Bàrígà ṣe," ni ọkùnrin kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Á tún ṣẹ́kù fún gọ́tà Ṣómólú," ni èkejì ẹ̀ dá a lóhùn.

Èmi ò wá wòran. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé bàbá mi ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ló tẹ pósítà fíìmù náà, mo kó díẹ̀ sí i wá fún wọn ni. Mo fẹ́ yí padà báyìí ni ẹ̀rọ ohùn bú gbàù, tó sì dákẹ́. Àwòrán ń lọ, ohùn ò sí mọ́.

"Ẹ dá owó wa padà!"

"Ṣé odi la wá wò ni?"

Kí ariwo tó di ìjà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fò sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ta aṣọ funfun sí. Ó gbé gbohùngbohùn tí àwọn oníwàásù fi ń jí wa láàárọ̀ sẹ́nu. Ó ki ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi dà bí agbada irin tí wọ́n ń wọ́ lórí kọnkéré.

"Ọmọ Irin ni orúkọ mi," ló wí. "Ẹ fara balẹ̀ jókòó. N ò tíì kú."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni fíìmù yẹn ti pàdánù orúkọ òyìnbó rẹ̀ ní Bàrígà. Ọmọ Irin ni gbogbo wa ń pè é.

Lójú aṣọ, afárá ńlá kan ń wó lọ, èrò sì wà lórí ẹ̀. Bàbá arúgbó tó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì náà ń nawọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pa ohùn dà, ó di arúgbó: "Ọmọ Irin, fi èjìká gbé e. Má sọ ọ́ kalẹ̀ títí n ó fi pè ọ́." Ó tún di irin: "Mo gbọ́, Bàbá. N ó dúró."

Gbogbo èrò kọjá. Ṣùgbọ́n ọta ti ba arúgbó náà lẹ́yìn ilé kan, kò sì sẹ́ni tó máa pe rọ́bọ́ọ̀tì mọ́. Ìjà parí. Òjò rọ̀. Koríko hù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó ṣì gbé afárá sí èjìká, ó ń retí ohùn kan.

N ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

"Sìsítà, rọ́bọ́ọ̀tì lẹ̀ ń sunkún fún?" ni ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi pariwo. "Irin ni o! Tí wọ́n bá gbé e dé Bàrígà, àwọn wẹ́dà á ti gé e ṣe géètì!"

Ẹ̀rín tún sọ. Mo gbójú sókè tìtìjú-tìtìjú, ìgbà náà ni ojú èmi àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣe mẹ́rin. Ó ti gbàgbé fíìmù. Ẹnu rọ́bọ́ọ̀tì mìíràn ń mì, gbohùngbohùn dákẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, sọ̀rọ̀ jàre!"

Ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń wò. "Ẹ jẹ́ kó sunkún," ni Ọmọ Irin wí. "Bí ẹnì kan ò bá sunkún fún mi, ta ló máa mọ̀ pé mo dúró?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú fíìmù. Mo ti wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹfà lẹ́yìn ìgbà yẹn, pẹ̀lú ohùn òyìnbó rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ó sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní pósítà kan."

"Ọ̀gá yín ni mo kó gbogbo ẹ̀ fún."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

Òótọ́ ni, ọ̀kan kù lọ́wọ́ mi, mo fi ń fẹ́ ara. Mo nà án sí i. Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀ tó funfun báláú.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ o. Èèyàn lè kọ nǹkan sí i."

"Kí lẹ fẹ́ kọ?"

"N ò tíì mọ̀. Bóyá kí n fi orúkọ yín bẹ̀rẹ̀."

Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. "Morọ́láyọ̀."

"Àbdùlsàmàd Gbàdàmọ́sí. Sàmàdù ni wọ́n ń pè mí. Mò ń tún fóònù ṣe láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán Àbámẹ́ta, mo di rọ́bọ́ọ̀tì."

Wọ́n tún ẹ̀rọ ohùn ṣe lọ́sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n èrò kọ̀ ọ́. "Ẹ pa òyìnbó, ẹ pe Sàmàdù!" ni wọ́n ń pariwo. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi Ọmọ Irin hàn ní gbogbo Àbámẹ́ta, tí ilé sì ń kún. Àwọn ọmọkùnrin ń wá torí ìjà. Àwọn mẹkáníìkì ń wá torí bí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì yẹn ṣe máa ń tú ara wọn palẹ̀ tí wọ́n á sì tún ara wọn tò. Ìyá àgbà kan máa ń jókòó níwájú pátápátá. Ó ní òun kàn fẹ́ máa rí ohun tó tóbi tó báyẹn tó sì ń gbọ́ràn, torí kò sí irú ẹ̀ nínú àwọn ọmọ òun. Èmi ń lọ torí afárá. Tó bá ti débi afárá, Sàmàdù á wá ojú mi kàn láàárín èrò kó tó wí pé, "N ó dúró."

Ní ilé iṣẹ́ wa, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Bọ̀dá Rájí ti ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bàrígà ló ń gbé, òun ló sì di alárinà wa.

"Ìyàwó Rọ́bọ́ọ̀tì, ọkọ ẹ ní kí n kí ẹ."

"Bọ̀dá Rájí, ẹ rọra o, Dádì wà nínú."

"Ẹ̀rọ ń pariwo, wọn ò lè gbọ́. Ó ní ṣé o sùn dáadáa."

"Ẹ sọ fún un pé n ò sùn. Òun ló fà á."

"Háà! Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. N ó kọ́kọ́ jẹ àkàrà kí n tó lè rù ú dé Bàrígà."

Oṣù kẹjọ tí a ti mọra wa ni mo tó sọ fún wọn nílé.

"Kí niṣẹ́ ẹ̀?" ni Mọ́mì béèrè.

"Ó ń tún fóònù ṣe, Mọ́mì."

"Òmíràn lèmi gbọ́. Wọ́n ní ó ń bá rọ́bọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀."

"Kì í bá a sọ̀rọ̀, Mọ́mì. Ó ń gbẹnu sọ fún un ni."

"O ṣé. Ó ti yé mi." Mọ́mì káwọ́ lérí. "Dọlápọ̀ ọmọ Òkìkíọlá ní ilé oògùn ní Fádèyí, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń bi mí léèrè ẹ lẹ́yìn ìsìn. Ìwọ wá lọ mú agbẹnusọ rọ́bọ́ọ̀tì. Mùsùlùmí sì tún ni! Ìyẹn gan-an ò dùn mí, àǹtí ẹ náà fẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n ń jẹun lálàáfíà. Rọ́bọ́ọ̀tì yìí ló ń dùn mí, Morọ́láyọ̀. Kí ni n ó sọ fáwọn èèyàn?"

Dádì dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Ṣùgbọ́n ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo wẹ̀yìn nínú ilé ìwòran, mo sì rí fìlà bàbá mi lórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn. Wọ́n fà á bojú, bí ẹni tó wá jalè. Wọ́n wò ó dópin. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti ń jẹun.

"Ohùn ọmọ yẹn dára," ni wọ́n wí láìgbójú sókè. "Níbi afárá yẹn, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún."

Ayọ̀ gbé mi. "Dádì, ẹ ṣé..."

"Dúró ná. Ohùn ni, ọmọ mi. Atẹ́gùn ló ń gbé ohùn lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tẹ̀wé. Ohun tí wọn ò bá kọ, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdána lọ́dọ̀ wa, ẹbí ọkọ á mú lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó wá, wọ́n á kà á sétí gbogbo èèyàn: àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, àwọn fẹ́ já a. Ní ilé iṣẹ́ wa, a máa ń tẹ lẹ́tà yẹn sílẹ̀ lọ́pọ̀, àyè orúkọ nìkan la ń fi sílẹ̀. Èmi gan-an ni mo ń ká wọn, tí mo ń fi ríbọ́ọ̀nù so wọ́n. Òdòdó kan náà ni gbogbo ìyàwó Ṣómólú.

"N ò fẹ́ èyí tí a tẹ̀," ni Dádì wí. "Kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sí mi. Kó sọ ohun tó fẹ́ fi ayé ẹ̀ ṣe àti ibi tó fẹ́ gbé ọmọ mi gbà. Kó dé ọwọ́ mi kí oṣù yìí tó parí. Tó bá dé, èmi ni n ó bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀. Tí kò bá dé, wàá fún Dọlápọ̀ lésì."

"Á dé, Dádì."

"Títí á fi dé, ẹ ò gbọdọ̀ ríra, ẹ ò gbọdọ̀ pera lórí fóònù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á lè dá dúró láìsí pé o tì í lẹ́yìn."

Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo búra. Ó rọrùn lójú mi. Ẹni tó fi ẹnu lásán dá gbogbo Bàrígà jókòó, ṣé lẹ́tà ojú ewé kan ló máa ṣòro fún?

Bọ̀dá Rájí ló gbé ọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó fẹnu sí mi létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Ó ti ya ìwé mẹ́ta. Ó ní tóun bá di gbohùngbohùn mú, ọ̀rọ̀ á máa sáré wá. Tóun bá mú báírò, gbogbo wọn á sá lọ."

"Ẹ ní kó má kọ ọ́ bí òyìnbó. Kó kọ ọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Mo ti sọ fún un. Fọkàn balẹ̀, Ìyàwó Rọ́bọ́ọ̀tì."

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn òbí Dọlápọ̀ yà sí ilé iṣẹ́ wá kí Dádì, wọ́n gbé èso wá. Dádì rán mi lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí mo padà, ẹ̀rọ ti dákẹ́, Bọ̀dá Rájí ò sí níbẹ̀. Dádì ní wọ́n pè é láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé ìyá ẹ̀ ṣubú, kò lè gbápá gbẹ́sẹ̀; ó sì ti sáré lọ síbi ọkọ̀. Mo pe fóònù ẹ̀ títí, kò lọ.

Mo wá ń kà á. Ọjọ́ márùn-ún kù. Mẹ́ta. Ọ̀kan.

Mo mọ nọ́ńbà Sàmàdù lórí bí àdúrà Olúwa. Lójoojúmọ́ ni mò ń tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá nínú mọ́kànlá, màá wá gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti búra. Àti pé, kí n má purọ́, ìgbéraga wà níbẹ̀. Ṣé èmi ni n ó máa bẹ̀ ẹ́ kó tọrọ mi? Ọkàn kan á ní ó ṣàìsàn ni. Èkejì á ní: ó gbẹnu sọ fún irin, ìwọ rò pé ọkàn ẹ̀ ló ń sọ.

Ní ọjọ́ tí oṣù parí, Dádì ò ti ilé iṣẹ́ ní aago mẹ́fà bí ìṣe wọn. Wọ́n gbé àga síta, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Bàrígà. Ẹnikẹ́ni tó bá gun ọ̀kadà kọjá, wọ́n á na ọrùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí wọn ò rí ojú èèyàn mọ́, wọ́n dìde, wọ́n ká àga.

"Mo fẹ́ kó wá," ni wọ́n wí. "Gbà mí gbọ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó wá."

Àánú wọn ṣe mí ju àánú ara mi lọ.

Síbẹ̀ n ò tíì fún Dọlápọ̀ lésì. Mo tún tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì, Dádì sì gbà. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni Sabina tó ń dirun fún mi ní Abúlé Òkúta sọ̀rọ̀ bí ẹni sọ̀rọ̀ òjò.

"Ṣé o gbọ́ pé Sàmàdù oní-rọ́bọ́ọ̀tì ti lọ? Wọ́n ní Ìbàdàn ni. Orí ẹ ń gbọ̀n, fara balẹ̀ jàre! Lọ́jọ́ tó ṣe é kẹ́yìn, ó bà á jẹ́ fún wa. Tó débi afárá, ó ní kí rọ́bọ́ọ̀tì sọ ọ́ kalẹ̀! Ó ní, 'Ó rẹ̀ mí.' Rọ́bọ́ọ̀tì ṣì gbé afárá dání lójú wa o, ẹnu ẹ̀ wá ń sọ pé ó rẹ òun. Àwọn èèyàn fẹ́ lù ú."

Ó ń dirun, mò ń sunkún. Ó rò pé òun fà á jù ni.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ó sọ mí kalẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n jẹ́ kí Dọlápọ̀ máa bọ̀.

Dọlápọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ì bá rọrùn bó bá jẹ́ èèyàn burúkú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó wò mí láti inú awò ojú rẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níwájú mi. N ò ní bi ọ́. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kó o sọ." Títí di òní, kò bi mí.

Ilé iṣẹ́ wa náà ló tẹ káàdì ìgbéyàwó wa. Níbo la tún máa gbé e lọ? Bọ̀dá Rájí ò tíì dé, Dádì sì yá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Kàsúmù láti ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Àǹtí Ìyàwó, ẹ bá mi wá ìwé tí n ó fi dán ẹ̀rọ wò."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. A kì í fi ìwé gidi bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó ti bàjẹ́ la máa ń kó fún ẹ̀rọ lákọ̀ọ́kọ́, títí tàdáwà á fi jókòó dáadáa, kí ìwé olówó ńlá tó wọlé. Mo wo igun yàrá. Àwọn pósítà Ọmọ Irin tó ṣẹ́kù wà níbẹ̀, wọ́n ga dé orúnkún mi. Mo kó ìdì kan lórí wọn, mo gbé e dé orí tábìlì ẹ̀rọ. Ojú rọ́bọ́ọ̀tì yẹn wò mí, afárá lórí èjìká ẹ̀.

N ò lè fara dà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí gbogbo ìdì náà dà, mo dojú rọ́bọ́ọ̀tì délẹ̀, kí ẹ̀yìn funfun lè wà lókè. "Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ tẹ̀," ni mo wí fún Kàsúmù.

"Èyíkéyìí, Àǹtí."

Káàdì mẹ́jọ ló ń wà lójú ìwé kan, a ó wá gé wọn. Dádì ní awò ojú kékeré kan tí wọ́n fi ń yẹ gbogbo ìwé ìdánwò wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, látòkè délẹ̀; kò sí èyí tí wọ́n ń fò. Lọ́jọ́ náà, ti àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n wò. Wọ́n rí orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹjọ. Wọ́n ní, "Ó dára," wọ́n sì jáde síta. Èmi náà yíjú sí ògiri. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ: ta-ka, ta-ka, ta-ka, ó ń gbé ìwé mì lẹ́yìn mi.

Mo ṣègbéyàwó. Aṣọ mi wuyì. Ọmọ ìyá Mọ́mì ló ka lẹ́tà tí èmi fúnra mi ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́, òdòdó inú ọgbà, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo yà sí ilé iṣẹ́ láti Fádèyí, mo gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá fún Dádì. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ohùn kan.

"Ìyàwó Rọ́bọ́ọ̀tì!"

Bọ̀dá Rájí ni. Ó ti gbẹ bí igi, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀ wà níta. Ó rí òrùka lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Mo sọ ọ́! Mo ní lẹ́tà yẹn á ṣiṣẹ́! Ẹ ò wá lè dúró dè mí kí n jẹ ìrẹsì alárinà? Ọkọ wa ńkọ́? Sàmàdù dà?"

Páálí oògùn bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Bọ̀dá Rájí, lẹ́tà wo?"

Ijó dúró. Ó wo òrùka, ó wo ojú mi, ó tún wo òrùka.

"Morọ́láyọ̀. Ọwọ́ ta lo wà?"

"Dọlápọ̀. Lẹ́tà wo?"

Ó jókòó sórí páálí ìwé bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. "Ó gbé e fún mi lọ́jọ́bọ̀ yẹn, láàárọ̀. Ẹ̀yìn pósítà ló kọ ọ́ sí, èyí tó o fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ìwé yòókù ò gbà á. Mo dé, mo bá àwọn òbí Dọlápọ̀ lọ́dọ̀ Dádì. Ṣé iwájú wọn ni n ó ti fà á kalẹ̀? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ká a sápò?"

"Ká a kẹ̀?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Èmi? O ti rí i kí n ká ìwé rí? Lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó, kí n gbé e fún Dádì pẹ̀lú ojú ìká? Mo fi sáàárín àwọn pósítà tó kù kó lè tẹ́ dáadáa. Ìwé kan náà ni, ìwọ̀n kan náà, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbà náà ni wọ́n pè mí. Wọ́n yọ fóònù mi níbi ọkọ̀. Kò sí nọ́ńbà ẹnì kankan lórí mi, ìyá mi ò sì ṣe é fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Mo sọ fún ara mi pé Dádì á rí i. Kò sí ìwé tó ń wọ inú ẹ̀rọ yìí tí Dádì kì í yẹ̀ wò." Ohùn ẹ̀ já. "Kò sí, Morọ́. Kò sí rárá."

Mo ti wà níbi àpò ìwé tó bàjẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá ẹlẹ́pà ti kó èyí tó pọ̀ lọ nínú ẹ̀. Mo da ìyókù sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mò ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Rọ́bọ́ọ̀tì, káàdì mi. Rọ́bọ́ọ̀tì, káàdì mi. Bọ̀dá Rájí kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó ń sọ pé "Ọlọ́run, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́."

Èmi ni mo rí i.

Báírò aláwọ̀ búlúù ni. Lẹ́tà náà kún ojú ìwé látòkè délẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé ńlá-ńlá bíi ti ọmọ ilé ìwé. Orí ẹ̀ ni káàdì ìgbéyàwó mi wà, lẹ́ẹ̀mẹjọ, tàdáwà wúrà. Ibi tí káàdì kò bá dé nìkan ni mo lè kà.

*Bàbá, ẹ ní kí n kọ ọ́. Ohùn mi ni mo mọ̀, mi ò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n...*

Ẹbí Bámilóyè àti ẹbí Òkìkíọlá fi tayọ̀tayọ̀ pè yín.

*...mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, n ó dá iṣẹ́ fóònù dúró gidi. Mi ò ní fi rọ́bọ́ọ̀tì bọ́ ọmọ yín...*

Morọ́láyọ̀ àti Dọlápọ̀.

*...lọ́jọ́ tí mo rí i, gbogbo èèyàn ń wo ìjà, òun ń sunkún fún ẹni tó dúró. Mo ní irú ẹni tí mo fẹ́ kó máa retí mi nìyí...*

Morọ́láyọ̀ àti Dọlápọ̀.

*...bí oṣù bá parí tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, n ó mọ̀ pé ẹ ti kọ̀. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà, ẹ kàn ní kó pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. N ó ti máa...*

Káàdì tó gbẹ̀yìn bo ìyókù. Mo gbé e sójú iná, mo tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bóyá báírò á hàn lábẹ́ wúrà. Kò hàn. A kì í ra tàdáwà burúkú.

Ẹsẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà. Dádì ló wọlé, awò lórí iwájú orí wọn.

"Rájí! O ti dé? Ìyá ńkọ́? Morọ́láyọ̀, kí lẹ̀ ń wá nínú ìdọ̀tí?"

Bọ̀dá Rájí dorí kodò. Mo dìde. Mo nu eruku orúnkún mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìwé náà kó má ṣe ká, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré nínú ilé iṣẹ́ yìí. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Dádì," ni mo wí, "lẹ́tà yín dé."

Wọ́n rí rọ́bọ́ọ̀tì lójú ìwé, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí i padà. Ọwọ́ wọn wá fa awò wálẹ̀ sójú, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di lẹ́tà náà mú.